Owó Ọrẹ Lórí Tábìlì POS: Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní Àsìkò Ọ̀wọ́n Owó

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí wáyé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà di ohun àwátì jákèjádò Nàìjíríà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jùlọ ni obìnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ POS ní ẹ̀bá ọ̀nà kan tí kò jìnnà sí Tákìẹ́. Ó ní ọkọ, ó ní ọmọ, ìjọ kan náà sì ni èmi àti òun ń lọ, níbi tí mo ti ń darí ìpàdé ẹ̀kọ́ Bíbélì ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó fún mi láyè láti kọ ọ́ bí mo bá lè pa orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìjọ mọ́. Nínú gbogbo ọdún tí a ti ń kọ́ni pé kí á gbẹ́kẹ̀ lé Jésù kí á sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn tọkàntọkàn, n kò rí ibi tí a ti yẹ ẹ̀kọ́ náà wò tó báyìí rí, nítorí iṣẹ́ obìnrin náà ni títa owó fún ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́, owó sì wọ́n.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ rán òǹkàwé létí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wa, CBN, kéde pé òun yóò pààrọ̀ àwọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Owó tuntun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá. Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni a ó ná owó àtijọ́ mọ, wọ́n sì tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Àwọn aráàlú ti kó owó àtijọ́ wọn lọ sí báńkì tán kí wọ́n tó mọ̀ pé èyí tuntun tí yóò rọ́pò rẹ̀ kò tó pín. Ẹni tí ó ní owó nínú àpò ìfowópamọ́ kò rí i gbà, ẹ̀rọ ATM kò pọ owó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn báńkì sì ń dákú nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe padà sí ọ̀dọ̀ àwọn oníPOS, tí àwọn náà ń wá owó kiri.

Kí ọ̀wọ́n owó tó dé, 100 náírà ni arábìnrin yìí ń gbà lórí 5,000. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejì, 300 náírà lórí 1,000 kọ̀ọ̀kan ni òun àti gbogbo oníPOS tí ó wà ní òpópónà náà ń gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ 3,000 náírà lọ́wọ́, wọn yóò yọ 3,900 lórí káàdì rẹ̀. Kí á má sì parọ́ mọ́ wọn: àwọn náà ń ra owó ni. Àwọn tí ń ta epo bẹntiróòlù àti àwọn ọlọ́jà ńlá ń fún wọn ní owó bébà, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba èlé lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ arábìnrin yìí, 100 náírà lórí 1,000 ni ó máa ń san, nígbà mìíràn 150. Ẹni tí ó bá sọ pé kí ó máa fún ènìyàn ní owó ní iye àtijọ́, ńṣe ló ń ní kí ó fi owó ara rẹ̀ ran ará àdúgbò lọ́wọ́ lọ́sàn-án, kí ó sì lọ sílé lálẹ́ láìní nǹkan. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn kan nínú ìjọ tí kì í ṣòwò ni wọ́n kọ́kọ́ pariwo pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, wọn kò sì béèrè iye tí ó ń ra owó kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí ó ń gbà rí owó ni ó di ẹjọ́. Ní àkókò tí kò sí owó ní báńkì, ibi tí owó bébà ṣì ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìyẹ̀ ni igbá ọrẹ. Akápò ìjọ wa, tí kò fẹ́ máa tò lórí ìlà báńkì láti lọ san owó náà sínú àpò ìjọ, bá a sọ ọ́ pé kí ó máa gba owó ọrẹ ọjọ́ Ìsinmi, kí ó sì fi iye kan náà gẹ́lẹ́ ránṣẹ́ sínú àpò ìfowópamọ́ ìjọ. Kò sí ẹni tí ó rò pé ó burú. Ìjọ kò pàdánù kọ́bọ̀, akápò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà, arábìnrin náà sì rí owó láìsan èlé. Bí ó bá ta owó ọrẹ yìí ní 300 lórí 1,000, gbogbo 300 náà jẹ́ èrè. Ó ta á bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá àgbàlagbà kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tí ń ta èlùbọ́ láfún, tí òun náà ń bá wa jọ́sìn. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Èkó ti fi 5,000 náírà ránṣẹ́ sí i, ó sì fẹ́ gba 3,000 níbẹ̀ kí ó lè fi wọkọ̀ lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Arábìnrin náà sọ iye tí wọn yóò yọ. Ìyá náà kò bá a jà. Ó ní, “Ìyàwó wa, kò burú. Igba náírà tí ó kù sí mi lọ́wọ́ ni mo fi ṣọrẹ lánàá, ǹ bá fi wọkọ̀.” Ó gba owó, ó kà á, ó sì gbàdúrà fún un pé Olúwa kò ní jẹ́ kí ọjà rẹ̀ kùtà. Arábìnrin náà sọ fún mi pé bí ìyá náà bá ṣépè ni, ọkàn òun ì bá balẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń ṣépè pọ̀ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, òun sì ti ní èsì fún wọn. Ó mọ̀ pé inú àpò tí òun kó owó ọrẹ sí ni òun ti mú 3,000 náà jáde.

Kò dá ọwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ta owó títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní iye kan náà, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ìtàn nínú ìjọ, àwọn kan ń sọ ọ́ bíi pé Ẹ̀mí Mímọ́ já ẹ̀rọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìyá náà. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ó tó sọ ọ́ ní ìpàdé. Ìwé Mátíù orí kẹfà ni a ń kà, a sì ti dé ibi tí Olúwa ti sọ pé a kò lè sin Ọlọ́run pẹ̀lú mámónì, ìyẹn owó àti ọrọ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tí wọ́n bá gbé ọrẹ ilé Ọlọ́run fún, tí ó sì ń tà á padà fún àwọn tí wọ́n fi í ṣọrẹ, kí ni kí ó ṣe?”

Àwùjọ náà pín sí méjì. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ sọ pé ọjà ni ọjà, pé wọn kò fi ipá mú ẹni tí ó rà á, pé iye tí gbogbo ènìyàn ń tà á náà ni ó tà á. Obìnrin kan sọ pé kí ó kó ẹ̀rọ náà jù sílẹ̀ pátápátá, kí ó gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa, kí ó máa wo iṣẹ́ ìyanu. Ó rọrùn fún un láti sọ, nítorí pé ìjọba ni ó ń san owó oṣù tirẹ̀. Mo ní kí a ṣí Lúùkù orí kẹta. Níbẹ̀ ni àwọn agbowó-òde ti bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi léèrè ohun tí wọn yóò ṣe, òun kò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe gbà ju iye tí a yàn fún wọn lọ. A tún ka Òwe 11:26, tí ó sọ pé àwọn ènìyàn yóò fi ẹni tí ó dá ọkà dúró bú, ṣùgbọ́n ìbùkún yóò wà lórí ẹni tí ó tà á. Mo pe àkíyèsí wọn sí i pé ẹni tí ó tà á ni ìwé náà súre fún, bẹ́ẹ̀ ni Sólómọ́nì mọ ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún fífi nǹkan tọrẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ Jésù lẹ́yìn lórí ìjókòó ọjà ṣì lè jókòó sí ọjà; ohun tí ó kù láti yẹ̀ wò ni iye tí yóò máa gbà, àti ẹni tí yóò máa rò kí ó tó bu iye náà.

Ohun tí arábìnrin náà pinnu, òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é. A kò pàṣẹ fún un. Ó pín owó sí ọ̀nà méjì. Owó ọrẹ, ó ń fi í fún ènìyàn ní iye àtijọ́, 100 lórí 5,000, ṣùgbọ́n kò ní fún ẹnì kan ju 2,000 lọ kí ó lè kárí. Owó tí ó bá rà, yóò sọ iye tí ó rà á fún oníbàárà, yóò sì fi 50 náírà kún un lórí 1,000 kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ọ́ sára páálí, ó gbé e kọ́ iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ìjọ kan sọ fún un pé àwọn tí wọ́n dá ọrẹ nìkan ni ó yẹ kí wọ́n jẹ àǹfààní owó ọrẹ, ó dáhùn pé ẹni tí ebi ń pa ni òun ń wò, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ní ìlú bíi Ògbómọ̀ṣọ́, tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì jọ wà ní agboolé kan náà nígbà mìíràn, n kò rí ìdáhùn mìíràn tí ì bá ti bójú mu.

Ètò náà kò lọ bí ó ṣe rò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń rán ọmọdé wá tò láti gba 2,000 ní iye àtijọ́, wọ́n sì ń tà á ní òpópónà kejì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn tí ó mọ̀: àwọn arúgbó àdúgbò, àwọn ìyá tí wọ́n ní ọmọ lẹ́yìn, àti àwọn tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1907, tí ó ti wá di ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen. Àwọn wọ̀nyí nílò owó lọ́wọ́ fún ọlọ́kadà, fún oúnjẹ, fún oògùn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ rà níta. Ojúsàájú ni àwọn yòókù pè é. Àwọn oníPOS ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú pé ó ń ba ọjà jẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì wá bá a nílé ní alẹ́ láti kìlọ̀ fún un. Ní ti ọkọ rẹ̀, kò bá a jà níwájú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó bi í léèrè ohun tí wọn yóò fi san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Ọkùnrin náà jẹ́ káfíńtà, àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì rí owó san fún un ní oṣù náà. N kò lè pe ìbéèrè rẹ̀ ní àìnígbàgbọ́. Nínú ilé tí ènìyàn méjì ń gbé, ìpinnu ẹnì kan láti tọ Jésù lẹ́yìn máa ń kan abọ́ oúnjẹ ẹnì kejì, ó sì yẹ kí àwọn tí ń wàásù rántí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọ. Oníṣòwò POS mìíràn, ọkùnrin, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìjọ, lọ bá wọn pé bí wọ́n bá gbé owó ọrẹ fún òun, òun yóò fi 10 náírà kún 100 kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ ilé ìjọsìn tí a ń kọ́ lọ́wọ́. Bí a bá gbé 100,000 fún un, 110,000 ni yóò wọ àpò ìjọ. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí. Ẹnì kan sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ẹlòmíràn sọ pé ilé Ọlọ́run ni a fẹ́ fi kọ́, kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Pásítọ̀ kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò tako wọn gbọnyin, wọ́n sì gbé owó ọrẹ kúrò lọ́wọ́ arábìnrin náà fún ọkùnrin yìí. Ó dájú pé kò lè san 10 náírà náà kí ó sì tún ta owó ní iye àtijọ́; nítorí náà, owó tí ó fi kún ti ìjọ, ọwọ́ àwọn tí wọ́n wá gba owó lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó ti wá, ìyá oníláfún náà sì wà lára wọn.

Ìlú tí ìhìnrere ti pẹ́ ni ìlú wa. Ọdún 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún 1898 sì ni a dá ilé ẹ̀kọ́ ìsìn Onítẹ̀bọmi tí ó wà níbí sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bú ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí pé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì; bí kò bá lọ ni wọn yóò máa béèrè. Mo rò pé ìdí nìyí tí a kò fi tètè rí i pé ìpinnu ìgbìmọ̀ náà lòdì sí ohun tí a ń kọrin lé lórí. Ìsìn kò ná wa ní ohunkóhun fún ìgbà pípẹ́, a sì ti gbàgbé bí a ṣe ń mọ iye rẹ̀. Arábìnrin yìí, tí kì í ṣe díákónì, tí kò sì lè dá ka ẹsẹ Bíbélì púpọ̀ lórí, ni ó jókòó ṣírò ohun tí yóò ná òun kí ó tó ṣe é.

Láti ìgbà náà lọ, owó tí ó bá rà nìkan ni ó ń tà, èrè rẹ̀ kò sì tó ohun tí ó ń ná lórí dátà àti oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò ṣí ìsọ̀ rárá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò gbà á títí CBN fi kéde ní ọjọ́ 13 oṣù náà pé kí àwọn báńkì tẹ̀ lé ìdájọ́ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í kárí.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ó mú ìwé kékeré tí ó fi ń ṣe ìṣírò, ó sì wo ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi ta owó ọrẹ ní 300. Ó ti kọ orúkọ àwọn tí ó mọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já, wọ́n sì máa ń padà wá ṣàríyànjiyàn. Ó bi mí bóyá dandan ni kí òun dá owó wọn padà. Mo ka ìtàn Sákéù nínú Lúùkù 19 fún un, mo sì sọ fún un pé Jésù kò béèrè owó kankan lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ilé rẹ̀ ni ó ní òun fẹ́ wọ̀ sí. Sákéù fúnra rẹ̀ ni ó dìde tí ó sọ̀rọ̀ ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà àti ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí ó bá rẹ́ jẹ. Nítorí náà n kò lè sọ ọ́ di òfin fún un. Ó dákẹ́, ó ní òun ti gbọ́. Láàárín oṣù Kẹrin àti oṣù Keje, ó ń dá owó náà padà ní ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ, láti orí ìyá oníláfún. Àwọn kan kọ̀ ọ́, wọ́n ní kí ó fi ra àkàrà fún àwọn ọmọ. Ọkùnrin kan gbà á, ó sì bú u kún un.

Ní ìsìn ìdúpẹ́ àárín ọdún, ẹnì kan tí ó gbọ́ ìtàn náà ní kí ó jáde wá jẹ́rìí. Ó sọ ọ́ ní ṣókí: pé òun gba owó tí kò yẹ kí òun gbà, pé òun ti ń dá a padà, pé owó tí òun fi ń ṣòwò ti dín kù púpọ̀, pé ìdajì owó ilé ìwé sáà kejì ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Atọ́kùn ètò náà bi í pé kí ni Olúwa wá fi rọ́pò rẹ̀. Ó ní òun kò tíì rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun kò kábàámọ̀. Ìjọ kò mọ̀ bóyá kí wọ́n pariwo Halelúyà. A ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ènìyàn láti gbẹ́kẹ̀ lé Jésù fún ohun tí wọn yóò rí gbà, débi pé nígbà tí ẹnì kan gbẹ́kẹ̀ lé e tí ó sì pàdánù owó, a kò ní orin tí a ó fi gbè é. Bí a bá mú ẹ̀rí tí a jẹ́ níwájú ìjọ wa lọ́dún náà wá síbi ìwọ̀n, èyí ni èmi yóò fi síwájú.

Ọkọ rẹ̀ ṣì gbà pé ó yẹ kí ó bá òun sọ ọ́ kí ó tó gbé páálí náà kọ́, ó sì tọ̀nà. Arábìnrin náà ti gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ti bẹ̀ ẹ́. Ní ti owó tí ọkùnrin oníPOS yẹn fi kún ọrẹ ìjọ, pásítọ̀ tún gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀ lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́ náà. Àwọn kan fẹ́ kí a dá a padà fún àwọn tí ó ra owó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn kan ní kí a fi ra símẹ́ǹtì bí a ṣe pinnu tẹ́lẹ̀. Wọn kò fẹnu kò. Akápò yọ ọ́ kúrò lára owó ilé kíkọ́, ó kọ ọ́ sí ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé ìṣírò, títí di ìgbà tí mo sì ń kọ èyí, a kò tíì ná an.